Vim, Emacs, nano àbí Helix: Èwo Ni Kí Ẹ Fi Kọ́ Ọwọ́ Yín?

Ẹni tó bá ń kọ kóòdù, tó ń tọ́jú sávà, tàbí tó ń tún ìwé gígùn ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ mọ̀ pé títẹ lẹ́tà kọ́ ló ń jẹ àkókò jù. Lílọ síbi tí àṣìṣe wà ló ń jẹ ẹ́: ọwọ́ á kúrò lórí kíbọọ̀dù, á lọ di máòsì mú, á yan ọ̀rọ̀, á pa á rẹ́, á tún padà wá. Vim, Emacs, nano àti Helix, ẹ́dítọ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi ń kọ fáìlì tí wọ́n sì fi ń tún un ṣe, ni mo fẹ́ fi wéra níbí, torí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbà kí ọwọ́ má kúrò lórí kíbọọ̀dù rárá. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gba àṣẹ ló yàtọ̀, òun náà ló sì yẹ kí ẹ fi yan. Ẹ má wulẹ̀ ka iye àṣẹ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Ta ló kọ́ ti Vim tàbí ti Emacs tán rí?

Fún ẹni tó ń kánjú, èrò tèmi rèé. Bí ẹ bá ń wọ sávà tàbí ẹ ń fi fóònù kọ kóòdù, ẹ kọ́ Vim. Bó bá jẹ́ pé ìwé lẹ ń kọ jù, pàápàá ìwé Yorùbá tó ní àmì ohùn, ẹ yẹ Emacs wò kí ẹ tó pinnu. Helix dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ tí kò sì ní máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ẹlòmíì. nano tó fún ẹni tó ń ṣí fáìlì ètò kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Vim: lẹ́tà ni àṣẹ

Ẹ ṣí fáìlì nínú Vim, ẹ tẹ `d`. Kò ní kọ d sílẹ̀. Ó ń dúró kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ pa rẹ́ ni. Bí ẹ bá fi `w` tẹ̀ lé e, á pa á rẹ́ títí dé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó kàn. Bó bá jẹ́ `$`, á pa á dé ìparí ìlà. `dip` á kó odidi ìpínrọ̀ lọ. Ẹ wá fi `c` rọ́pò `d`: á pa nǹkan yẹn náà rẹ́, á sì jẹ́ kí ẹ kọ òmíràn sípò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. `y` á dà á kọ, `gU` á sọ ọ́ di lẹ́tà ńlá. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin nìyẹn. Bí ẹ bá mọ ibi mẹ́wàá tí ẹ lè ní kí wọ́n dé, ogójì àṣẹ ti wà lọ́wọ́ yín, bẹ́ẹ̀ ohun mẹ́rìnlá péré lẹ kọ́. Ohun tó jẹ́ kí Vim tọ́ sí wàhálà rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá lẹ àṣẹ rẹ̀ mọ́ ògiri bí ìsodipúpọ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó ń há wọn sórí lọ́kọ̀ọ̀kan, gba ọ̀nà tó gùn.

Àṣẹ kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ, àmì ìdánudúró lásán ni: `.` á tún àtúnṣe tó kẹ́yìn ṣe. Ká ní ẹ kọ «adiresi» láìní àmì káàkiri ìwé kan. Ẹ tẹ `/adiresi` kí ẹ sì tẹ Enter, ẹ tẹ `cgn`, ẹ kọ «àdírẹ́sì», ẹ tẹ Esc. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo `.` tí ẹ bá tẹ̀ á yí èyí tó kàn padà, `n` á sì fo èyí tí ẹ kò fẹ́ fọwọ́ kàn. Bó bá jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ lẹ fẹ́ yí, `:%s/adiresi/àdírẹ́sì/gc` á máa bi yín léèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ `c` kúrò níparí, kò ní béèrè mọ́.

Ìdí tí a fi ń fi `h`, `j`, `k`, `l` gbé kọ́sọ̀ (àmì ibi tí ẹ wà nínú ìwé) kiri kò le. Ní 1976, nígbà tí Bill Joy ń kọ vi, tó jẹ́ bàbá Vim, ní Yunifásítì California ní Berkeley, ẹ̀rọ tó ń lò, ADM-3A, kò ní bọ́tìnnì ọfà lọ́tọ̀. Orí lẹ́tà mẹ́rin yẹn ni wọ́n ya ọfà sí. Lórí ẹ̀rọ yẹn kan náà, Esc wà níbi tí Tab wà lónìí, ọmọ ìka kékeré dé ibẹ̀ láìnà rárá. Lórí láptọ́ọ̀pù tiwa Esc ti sá lọ sí igun òkè. Torí náà, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ ṣe ni kí ẹ sọ Caps Lock di Esc nínú ètò kọ̀ǹpútà yín, tàbí kí ẹ máa lo `Ctrl-[`, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Àléébù rẹ̀ ni ipò. Vim ní ipò tí lẹ́tà ti ń jẹ́ àṣẹ àti ipò tí lẹ́tà ti ń jẹ́ lẹ́tà, ẹni tó bá gbàgbé ibi tó wà á kàn rí i pé ìlà méjì ti pòórá. Jíjáde nínú rẹ̀ gan-an ti di àwàdà láàárín àwọn tó ń kọ kóòdù: ní 2017, ìbéèrè kan lórí Stack Overflow, ìkànnì tí wọ́n ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè, nípa bí èèyàn ṣe ń jáde nínú Vim ti ní ju mílíọ̀nù kan ìwò lọ. Ìdáhùn rẹ̀ ni kí ẹ tẹ Esc, kí ẹ kọ `:q!`, kí ẹ tẹ Enter.

Bram Moolenaar, ará Netherlands, ló gbé Vim jáde ní 1991, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ títí tó fi kú ní oṣù kẹjọ 2023. Àwọn ẹlòmíràn ti gba iṣẹ́ náà ṣe. Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ó bẹ ẹni tó bá ń jàǹfààní rẹ̀ pé kó ran àwọn ọmọdé lọ́wọ́ ní Kibaale, ní Uganda. Ẹ tẹ `:help uganda`, ẹ ó kà á.

Emacs: lẹ́tà kì í ṣe nǹkan míì

Emacs kò ní wàhálà ipò yẹn. Ẹ tẹ d, ẹ rí d. Ctrl àti Alt lẹ fi ń pàṣẹ: `Ctrl-a` gbé yín lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, `Ctrl-e` sí ìparí rẹ̀, `Ctrl-k` pa ìyókù ìlà rẹ́, `Alt-f` àti `Alt-b` fo ọ̀rọ̀ kan síwájú tàbí sẹ́yìn, `Alt-d` pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Bí ohunkóhun bá dàrú, `Ctrl-g` máa ń gbani.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í sọ nípa àwọn àṣẹ wọ̀nyí ni pé ẹ lè má ṣí Emacs láyé yín kí wọ́n ṣì wúlò fún yín. Bash, tí ẹ ti ń tẹ àṣẹ lórí Linux, ló ń lò wọ́n. Lórí Mac, ọ̀pọ̀ àpótí tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí gba `Ctrl-a`, `Ctrl-e` àti `Ctrl-k`. Àmọ́ ẹ ṣọ́ `Ctrl-w`: nínú Emacs ó ń gé ohun tí ẹ ti yàn, nínú bash ó ń pa ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn kọ́sọ̀ rẹ́, nínú nano ó ń wá ọ̀rọ̀, lórí ọ̀pọ̀ bíráúsà ó ń ti ojú ìwé pa. Ẹni tó bá fi nano kọ́wọ́ dáadáa á ti ojú ìwé rẹ̀ pa níbòmíràn kó tó mọ̀.

Ìka kékeré ló máa ń jìyà Emacs, torí òun ló ń di Ctrl mú látàárọ̀. Ẹ gbé Ctrl sórí Caps Lock. Ẹni tó bá ti ní ìrora ọwọ́ tẹ́lẹ̀, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn láti fi Emacs bẹ̀rẹ̀.

Láti 1976 ni irú àkọ́kọ́ rẹ̀ ti wà ní yunifásítì MIT. Richard Stallman gbé GNU Emacs jáde ní 1985. Lisp, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ sì lè yí èyíkéyìí padà bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ìyẹn ni àwọn kan ṣe ń ka ímeèlì wọn, tí wọ́n ń ṣètò iṣẹ́ wọn, tí wọ́n sì ń kọ ìwé wọn nínú rẹ̀. Ó dùn, ó sì lè gba gbogbo ọjọ́ Sátidé yín.

Helix àti nano

Helix yí ètò Vim po. Vim ní kí ẹ sọ iṣẹ́ kí ẹ tó sọ ibi. Helix ní kí ẹ yan ibi kí ẹ tó sọ iṣẹ́. `w` á tan ìmọ́lẹ̀ sórí ọ̀rọ̀, ẹ ó fojú rí i, kí ẹ tó tẹ `d`. Ọ̀dọ̀ ẹ́dítọ̀ kan tó ń jẹ́ Kakoune ló ti kọ́ ọ. Fún ẹni tó ń kọ́, rírí yẹn ń mú ẹ̀rù kúrò, torí kò sí pé ẹ pa ohun tí ẹ kò rí rẹ́. Bí ẹ bá tẹ Space, àkójọ àṣẹ á yọ sójú. Ọ̀rọ̀ «adiresi» ọ̀ún: `%` yan gbogbo fáìlì, `s` béèrè ohun tí ẹ ń wá nínú rẹ̀, ẹ kọ «adiresi», ẹ tẹ Enter, kọ́sọ̀ á yọ sórí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, `c`, ẹ kọ èyí tó tọ́. Gbogbo rẹ̀ yí padà lójú yín.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé 2021 ló jáde. vi wà nínú POSIX, ìlànà tí àwọn ètò bíi Linux ń tẹ̀ lé, nítorí náà bóyá ni ẹ ó bá sávà Linux kan tí kò sí lórí rẹ̀. Helix, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbé e débẹ̀. Ohun tó burú jù ni pé ètò àṣẹ méjèèjì jọra tó láti dàrú mọ́ ọwọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ `wd` á tẹ `wd` nínú Vim, kọ́sọ̀ á fo ọ̀rọ̀ kan, Vim á sì máa dúró.

nano kọ àṣẹ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Àmì `^` tí ẹ rí níbẹ̀ túmọ̀ sí Ctrl, `M` sì túmọ̀ sí Alt. Ìyẹn náà ni gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀, n kò sì ní fi nǹkan kún un.

| | Vim | Emacs | nano | Helix |
|---|---|---|---|---|
| Fi pamọ́ | `:w` | `Ctrl-x Ctrl-s` | `Ctrl-o` | `:w` |
| Jáde | `:q` | `Ctrl-x Ctrl-c` | `Ctrl-x` | `:q` |
| Dá padà | `u` | `Ctrl-/` | `Alt-u` | `u` |
| Wá ọ̀rọ̀ | `/` | `Ctrl-s` | `Ctrl-w` | `/` |
| Pa ìlà rẹ́ | `dd` | `Ctrl-a Ctrl-k Ctrl-k` | `Ctrl-k` | `xd` |
| Lẹ̀ ẹ́ padà | `p` | `Ctrl-y` | `Ctrl-u` | `p` |

Ẹ fi ìlà kan dán wọn wò

Tábìlì kì í sọ òótọ́ tán. Ẹ wo ìlà yìí nínú kóòdù:

`ikini = "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ará"`

A fẹ́ kó di «Ẹ káalẹ́, ẹ̀yin ọ̀rẹ́», kọ́sọ̀ sì wà lórí i àkọ́kọ́. Nínú Vim, ẹ tẹ `ci"`. Lẹ́tà mẹ́ta. Vim fúnra rẹ̀ á wá àmì ìfàyọ tó wà níwájú lórí ìlà yẹn, á kó inú rẹ̀ dànù, ẹ ó máa kọ tuntun. Nínú Helix, ẹ máa kọ́kọ́ wọ àárín àmì náà, `f"` fún àpẹẹrẹ kí ẹ sì tẹ `l`, lẹ́yìn náà `mi"` á yan inú rẹ̀, `c` á mú un kúrò. Nínú Emacs, `Ctrl-s "` àti Enter á gbé yín kọjá àmì àkọ́kọ́, `Alt-z "` á gé títí dé àmì kejì, á sì gé àmì náà mọ́ ọn. Ẹ gbọ́dọ̀ tún un kọ. Nínú nano, ẹ wá `"` pẹ̀lú `Ctrl-w`, ẹ fi ọfà sún síwájú, ẹ tẹ `Alt-a` láti fi àmì sílẹ̀, ẹ tún wá `"`, ẹ tẹ `Ctrl-k`.

Lórí ìlà kan, ìyàtọ̀ náà kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Lórí fáìlì ìtumọ̀ áàpù kan tó ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta irú ìlà bẹ́ẹ̀, ó ti di ọ̀sán kan.

Àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀

Ibí ni àwọn ìtọ́sọ́nà tí wọ́n kọ fún èdè mìíràn kì í dé. Kò sí ẹ́ tó jẹ́ àmì kan ṣoṣo nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà: lẹ́tà ẹ ni, pẹ̀lú àmì òkè tó gùn ún. Nínú Vim, `x` máa ń kó méjèèjì lọ pọ̀. Bó bá jẹ́ àmì ohùn nìkan lẹ fẹ́ tún ṣe, `:set delcombine` á jẹ́ kí `x` mú àmì òkè kúrò kó sì fi lẹ́tà ẹ sílẹ̀. Nínú Emacs, Backspace máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ṣètò rẹ̀. Helix máa ń ka ẹ́ sí odidi kan.

Kíkọ ọ́ ńkọ́? Bí kíbọọ̀dù yín kò bá ní Yorùbá, Vim ní ohun tó ń jẹ́ digraph. Ẹ fi ìlà yìí sínú fáìlì ètò rẹ̀:

`digraphs e. 7865 o. 7885 s. 7779 do 768 mi 769`

Láti ìgbà náà, tí ẹ bá wà ní ipò ìkọ̀wé, `Ctrl-k e .` á fún yín ní ẹ, `Ctrl-k m i` á fi ohùn òkè lé e, `Ctrl-k d o` á fi ohùn ìsàlẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń lo kíbọọ̀dù Yorùbá gan-an á bá ìṣòro mìíràn pàdé: bí lẹ́tà ẹ bá wà níbi tí q máa ń wà, Vim kò ní mọ ohun tí ẹ ń wí ní ipò àṣẹ. `:set langmap=ẹq` ló ń yanjú rẹ̀. Emacs ní ètò ìkọ̀wé tirẹ̀ nínú, `Ctrl-\` ló ń tan án tó sì ń pa á, kíbọọ̀dù kọ̀ǹpútà kò sì yí padà, torí náà àwọn àṣẹ kò dàrú.

Ní ti wíwá ọ̀rọ̀, Emacs ló gbégbá orókè, ó sì fi gbọọrọ jù wọ́n lọ. Ẹ tẹ `Ctrl-s`, lẹ́yìn náà `Alt-s '`, kí ẹ wá kọ «oko» lásán: á bá oko, ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti òkò pàdé, bóyá lẹ́tà kan ni wọ́n fi kọ ò, tàbí o pẹ̀lú àmì tó dá dúró. Bí ẹ bá fẹ́ kó máa wà bẹ́ẹ̀ títí, `(setq search-default-mode #'char-fold-to-regexp)` ni kí ẹ fi sínú ètò rẹ̀. Vim ní `\Z`, tó ń fojú fo àmì tó bá dá dúró: `/\Zọkọ` á rí ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́, àmọ́ kò ní rí oko. Bó bá sì jẹ́ pé fáìlì yín pa oríṣi ò méjèèjì pọ̀, bí ìwé tó ti ọwọ́ èèyàn mẹ́ta jáde ṣe máa ń rí, Vim á fo ìdajì láìsọ fún yín. nano àti Helix kò tilẹ̀ dá a lábàá.

Tí iná bá lọ, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń wọ́

Vim máa ń kọ ohun tí ẹ ń ṣe sínú fáìlì kan tó parí sí .swp lẹ́yìn igba (200) lẹ́tà tí ẹ tẹ̀, tàbí tí ẹ bá dáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Tí iná bá padà dé tí ẹ ṣí fáìlì yẹn, á sọ fún yín pé òun rí i. Ẹ tẹ R. Emacs ń ṣe irú rẹ̀ lẹ́yìn 300 títẹ̀, tàbí bí ẹ bá sinmi fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú àáyá. `Alt-x recover-this-file` lẹ fi ń gbà á padà. nano àti Helix kò ní irú ààbò yìí. Lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì, tó jẹ́ pé iná ìjọba ló gbójú lé, ohun tí ẹ kò bá fi pamọ́ nínú wọn ti lọ nìyẹn.

Lórí sávà tó jìn, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà, gbogbo ọfà tí ẹ bá tẹ̀ ni ẹ máa dúró dè. `/` tàbí `12j` nínú Vim jẹ́ ìrìn kan ṣoṣo. Vim náà ló sì dáa jù lórí Termux, tó ń gbé Linux wọ fóònù Android. Ìlà bọ́tìnnì tó wà lókè kíbọọ̀dù rẹ̀ ní ESC àti CTRL, àmọ́ ìka kan ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń tẹ fóònù. Àṣẹ tó jẹ́ lẹ́tà lẹ́yìn lẹ́tà rọ ìka kan lọ́rùn. `Ctrl-x Ctrl-s` nígbà ogún lójúmọ́ kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn rárá.

Bí ẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀

Ẹ tẹ `vimtutor` nínú tẹ́mínà. Nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí ló ń gbà. Ti Helix ni `hx --tutor`, ti Emacs ni `Ctrl-h t`. Ẹ ṣe ẹ̀kọ́ náà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi ọjọ́ díẹ̀ sí i, kí ẹ tún un ṣe. Láàárín méjèèjì, ẹ fi iṣẹ́ gidi kọ́ ọwọ́, kì í ṣe fáìlì ìdánwò.

Kò pọn dandan kí ẹ fi ibi tí ẹ wà sílẹ̀. VS Code ní àfikún Vim, IntelliJ ní IdeaVim, `set -o vi` á gbé e wọ bash, `less`, tí wọ́n fi ń ka fáìlì nínú tẹ́mínà, sì ti ń gba `j`, `k` àti `/` láìbéèrè. Ẹ kọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin ọ̀ún níbi tí iṣẹ́ yín ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá sì ń fi Yorùbá kọ ìwé gígùn, tó fẹ́ `ci"` tó tún fẹ́ kí «oko» máa rí ọkọ̀, kó gbé àfikún Evil sínú Emacs. Àṣẹ Vim á wọlé, `Ctrl-s` á sì máa wá ọ̀rọ̀ bó ṣe ń wá a tẹ́lẹ̀. Ṣíṣètò rẹ̀ máa ń dáni lágara ní ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun ni mo rí tó bá irú iṣẹ́ yẹn mu jù.